Àárín Oko Badaso

Tó bá jẹ́ pé irọ́ ń wúwo ni, Badaso kì bá tí lè dìde lórí ẹní rẹ̀ láyé. Ọkùnrin yìí ló ní akọ màlúù òun wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, páànù orí ilé ẹ̀kọ́ abúlé kejì ṣí lọ. Òun náà ló ní lọ́dún kan, òtútù orí òkè Chilalo mú débi pé iná inú ààrò òun kó ẹsẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n wá nǹkan da bo òun. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀. Abúlé tí kò bá ní irú Badaso, ẹ̀rín á wọ́n níbẹ̀ ju ajílẹ̀ lọ.

Ajílẹ̀ sì wọ́n lọ́dún tí à ń sọ yìí! Iye tí wọ́n ń pè é ń sáré gun òkè bí ọ̀bọ tí ajá ń lé. Ẹni tó bá rí àpò kan rà, ìka mẹ́ta ló fi ń bu ún sílẹ̀, bí ìyàwó ahun ṣe ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ kọ́ ni olórí ìyọnu wọn. Ìpẹtà ni. Ìpẹtà ara irin kọ́ o. Ti àlìkámà ni: àrùn tó ń fa ìlà pupa sára ewé, tó ń da ìyẹ̀fun bíi pupa ẹyin. Tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ ẹ báyìí, oko òdìkejì odò ti kó o nìyẹn. Lọ́dún tó ṣáájú, ó jẹ àlìkámà abúlé náà tán pátápátá. Ṣírí dúró gbagidi, ẹ fọ́ ọ wò, òfìfo.

Ìdí nìyẹn tí ilé méjìlélọ́gbọ̀n fi péjọ sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá lọ́jọ́ tí Ayantu dé pẹ̀lú àpò méjì lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ayantu ni ọmọbìnrin tí ìjọba rán wá láti máa kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Alùpùpù ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, epo ni kò sí.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi,” ó ní, “irúgbìn tuntun tí ìpẹtà kì í mú nìyí. Àpò méjì péré ni wọ́n fún mi fún gbogbo yín. Wọn ò tiẹ̀ fi oògùn pupa tó ń lé kòkòrò kùn ún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, torí oògùn ti tán nílé ìpamọ́. Tí mo bá ní kí n pín in, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ lásán ni. Ẹnì kan ni kó gbìn ín fún gbogbo yín. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má gbin àlìkámà kankan lọ́dún yìí. Báálì àti ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ gbìn, kí ebi pa ìpẹtà kú. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, gbogbo ilé á rí irúgbìn mímọ́ gbà.”

“Ọdún kan gbáko láìjẹ búrẹ́dì?” ẹnì kan figbe ta.

“Báálì ò pa bàbá tó bí ẹ,” Kadiro dá a lóhùn. Kadiro ni àgbà ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa fún làálì. “Ta la máa kó o fún?”

Badaso ti fò dìde. “Èmi ni! Ilẹ̀ mi ọ̀hún yẹn, ẹ gbin òkúta síbẹ̀, tó bá dọjọ́ kẹta, òkúta á bí ìbejì.”

“Badaso, eléyìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o.”

“Bàbá, wallahi, ẹyọ kan ò ní sọnù. Tí èkúté bá jí ẹyọ kan gbé, màá lé e dé ilé àna rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kó o fún un. Ká sọ tòótọ́, ilẹ̀ rẹ̀ dára. Ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, omi kì í dúró níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì bá a pààlà, ìyẹn Shure, opó àgbàlagbà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ká ní Badaso lọ sílé kó lọ sùn ni, ìtàn ti parí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ilé. Ó ní òun máa pe ọ̀wẹ̀ láti tú ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ tí màlúù méjì lábẹ́ àjàgà kan lè fi ọjọ́ méjì tú ni o. Àjàgà mẹ́rin á fọwọ́ kan ṣe é. Badaso pe gbogbo ilé méjìlélọ́gbọ̀n.

Nílẹ̀ wọn, ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó bá a ṣe é, yóò sì bọ́ wọn yó. Kí èèyàn pe ọ̀wẹ̀ kí abọ́ gbẹ, kò sí ìtìjú tó jù ú lọ. Ọmọ rẹ lè má rí ìyàwó fẹ́. Màlúù rẹ gan-an á máa wò ẹ́ tìka-tẹ̀gbin. Ìgbà náà sì ni ìgbà òjò, tí ọkà ọdún tó kọjá ti tán, tí tuntun kò tíì sí.

Nígbà tí ọ̀wẹ̀ ku ọ̀la, Jeylu ìyàwó rẹ̀ gbálẹ̀ àká, ó gbé ohun tó rí jáde.

“Baba Chala, báálì tó kù nìyí. Kò kún igbá. Èèyàn mélòó lo pè?”

“Gbogbo wọn.”

“Gbogbo ta ni?”

“Gbogbo ilé.”

Jeylu fìdí lélẹ̀. “Ṣé òkè Chilalo lo fẹ́ tú ni? Dìde, lọ yá báálì lọ́wọ́ Kadiro.”

“Èmi? Èmi tí mo sọ fún Kadiro lánàá pé èkúté sọnù nínú àká mi, tó ń bèèrè ọ̀nà?”

“Lọ sọ fún un pé wọ́n ti rí i, ebi sì ń pa á.”

Badaso kò lọ. Ó dúró, ó ń wo àpò méjì tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó wò ó títí, kò jẹ́ kójú òun àti tìyàwó rẹ̀ pàdé.

“Ọ̀kan ṣoṣo,” ó ní.

“Badaso!” Ìgbà tí inú bá ń bí i nìkan ló ń pe orúkọ rẹ̀. “Irúgbìn ìlú nìyẹn!”

“Ọjà Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀. Màá rọ́pò rẹ̀ ká tó fúnrúgbìn. Ṣé àlìkámà kì í ṣe àlìkámà ni?”

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta tó wà létí odò. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó yíjú sẹ́yìn.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Àjàgà mẹ́rìndínlógún wọ ilẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìwo ń kọlu ìwo, èyí ń tú ibi tí tọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, màlúù kan tiẹ̀ fẹ́ tú ọ̀nà ìjọba. Kọfí kò tíì hó tí iṣẹ́ fi parí. Wọ́n wá jókòó, Jeylu sì gbé búrẹ́dì jáde, gbígbóná, tó tóbi bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù, bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí ìpẹtà ti jẹ oko wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹnu kan búrẹ́dì àlìkámà. Ariwo ò sí mọ́, ẹnu ló ń ṣiṣẹ́.

“Badaso, ọmọ mi,” Shure sọ, búrẹ́dì lẹ́nu rẹ̀, “Ọlọ́run á fi kún àká rẹ. Mi ò jẹ irú eléyìí látọjọ́ tí bàbá wọn ti kú. Níbo lo ti rí i?”

“Ó pẹ́ tó ti ń bẹ níbẹ̀, ìyá. Ẹ jẹ sí i.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òkèlè tó wà lẹ́nu tirẹ̀ ti di amọ̀, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú jáde lójú gbogbo wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ sọ́jà. Ta ni yóò ní irúgbìn tuntun lọ́jà? Àlìkámà àtijọ́ ni oníṣòwò kan ní, èyí tí ìpẹtà mọ̀ dáadáa bí ẹni mọ ilé ìyá rẹ̀. Badaso bọ́ ẹ̀wù òtútù onírun rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó gba àpò kan. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ẹ̀wù, ó ní ara òun ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ ń wá sábẹ́ òun wá pamọ.

Òun àti Jeylu nìkan ló fúnrúgbìn náà. Wọ́n fi irúgbìn tuntun yí oko ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlà lẹ́yìn ìlà, ìṣísẹ̀ méjìlá sínú. Àárín, wọ́n fọ́n àtijọ́ síbẹ̀.

“Ṣé èyí ló máa fún ìlú?” Jeylu bèèrè.

“Màá gé àárín lọ́tọ̀ kí wọ́n tó dé. Ta ló máa wọ ibẹ̀?”

“Ìpẹtà,” Jeylu sọ.

Òjò rọ̀ dáadáa. Àlìkámà náà dìde lẹ́bàá ọ̀nà, ó tutù yọ̀yọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kọjá á dá ẹsẹ̀ dúró. Ayantu fẹsẹ̀ rìn wá wò ó, ìdí bàtà rẹ̀ kan ti já, ó fi okùn so ó. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

“Baba Chala, ẹ kú iṣẹ́. Ó wù mí kí gbogbo ìpínlẹ̀ yìí rí i. Ẹ jẹ́ n wọ inú rẹ̀ díẹ̀.”

“Háà, má wọ̀ ọ́ o! Ejò kan wà níbẹ̀, ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi orí àti ìrù rẹ̀ mọ ààlà.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ, torí abúlé mẹ́fà ló ṣì kù fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Badaso wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti okùn ìdí bàtà yẹn. Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi tó ti ń jí ẹran nínú ìkòkò aláìsàn.

Nígbà tó yá, kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó ń sùn lórí oko títí ọ̀sán. Badaso wọ àárín oko lọ́jọ́ kan. Nígbà tó jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pupa dé orúnkún. Ó sáré lọ sódò, ó fi iyanrìn fọ ọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò tó jóná. Láti ibẹ̀ ó kọjá lọ bá Ayantu ní ọ́fíìsì.

“Ọmọ mi, oògùn tí wọ́n ń fín sí ìpẹtà, ṣé ó wà?”

“Ẹ̀rọ ìfín-oògùn kan ló wà, bàbá, ẹnu rẹ̀ ti kán. Oògùn, wọ́n ní ó ń bọ̀. Wọ́n ti ń sọ pé ó ń bọ̀ látọdún tó lọ.” Ó gbójú sókè. “Oko ta ni ìpẹtà mú?”

“Rárá o. Mo kàn ń bèèrè ni.”

Bí Badaso ṣe di ẹni tó ń jí lọ sóko ní ìdájí nìyẹn, tó ń fọwọ́ já ewé pupa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sun ún lẹ́yìn ilé. Agbọ̀n ló fi ń pọn omi. Ó já ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún ń kí i káàárọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Wọ́n á ní, “Badaso, sọ ti akọ màlúù,” á ní ó ti rẹ òun.

Kò pẹ́, Kadiro gba ẹ̀gbẹ́ oko Shure kọjá. Ẹ̀wà ni opó náà gbìn bí wọ́n ṣe ní kó gbìn, ṣùgbọ́n igi àlìkámà mélòó kan tó lalẹ̀ hù láti ọdún tó kọjá dúró láàárín ẹ̀wà. Ìpẹtà ti kùn wọ́n pupa. Kadiro fa igi kan tu, ó gbé e lọ sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó sì ránṣẹ́ pe ilé gbogbo.

“Shure, kí la ní kẹ́ ẹ má gbìn?”

“Mi ò gbìn ín. Ó dá hù ni. Mo tu èyí tí ẹ̀yìn mi jẹ́ kí n tu. Ṣé ẹ ò rí ẹ̀yìn mi ni?”

“Ẹ̀yìn yín kọ́ la fẹ́ jẹ lọ́dún tó ń bọ̀!” ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn. “Oko Badaso ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn. Ẹ fẹ́ kó àrùn bá irúgbìn ìlú!”

Ariwo sọ. Gbogbo wọn ti jẹ báálì fún oṣù mẹ́rin, inú ajẹbáálì kì í sì í dùn. Kadiro gbọ́wọ́ sókè. Ó ní òun ò fẹ́ràn ohun tí òun fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fi irúgbìn ìlú wewu kò lè ní ìpín nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pín in, wọ́n á fo ilé Shure.

Opó náà kò wo Kadiro. Badaso ló yíjú sí.

“Badaso, ọmọ mi, ìwọ la jọ pààlà. Bá mi sọ fún wọn.”

Badaso dìde. Ẹ̀fẹ̀ kan wá sí i lẹ́nu bí ajá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó dáa, gbogbo wọn ì bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ì bá sì tutù. Ó gbé e mì.

“Ìpẹtà ò ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ọ̀dọ̀ mi ló ti lọ bá wọn. Àpò irúgbìn kan ni mo gbìn. Ìkejì, mo lọ̀ ọ́. Búrẹ́dì ọjọ́ ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́.”

Ẹ̀rín wá bú jáde.

“Ó tún ti dé o! Ṣebí o ní ó ti rẹ̀ ẹ́!”

“Tó bá jẹ́ irúgbìn ni, kí ló dé tí kò hù ní ikùn mi?”

“Ó ti hù ní tèmi, ẹ̀rọ ìkórè ni mò ń retí!”

Àwọn obìnrin ń gbá ara wọn mú. Kadiro fi etí aṣọ nu ojú. “Badaso, o ṣeun,” ó ní. “O fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ gba opó sílẹ̀. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Jókòó.”

Ọmọ dáadáa! Ká ní Kadiro gbá a létí ni, ì bá sàn. Badaso fi orí ọmọ rẹ̀ búra, ẹ̀rín tún le sí i. Ó fi ọ̀run búra, ẹnì kan ní kó fi ejò ńlá ààlà rẹ̀ búra. Àwọn tí Badaso ti fi irọ́ bọ́ fún ogún ọdún, òótọ́ ò wọ̀ wọ́n lọ́nà ọ̀fun.

“Òótọ́ ni.”

Jeylu ló sọ ọ́, láàárín àwọn obìnrin. Obìnrin yìí kò dá ẹ̀fẹ̀ rí láàárín èrò láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé. “Èmi ni mo po ìyẹ̀fun náà,” ó ní, ó sì fi gèlè bojú.

Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn.

“Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó,” Badaso sọ.

Wọ́n tẹ̀ lé e. Wọ́n gba àárín àlìkámà tútù ẹ̀bá ọ̀nà kọjá, tó ga dé àyà, tí ṣírí rẹ̀ wúwo, ìṣísẹ̀ méjìlá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n já sí àárín. Bí ẹni ṣílẹ̀kùn ilé tí òkú wà nínú rẹ̀ ni. Ewé ti ká kò, ó pupa láti òkè délẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń rìn, ìyẹ̀fun ń dìde, ó ń bà lé aṣọ funfun Kadiro, ó ń bà lé irùngbọ̀n rẹ̀. Kadiro já ṣírí kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó fẹ́ ẹ. Kò sí nǹkan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọdún kan la ní a ò ní jẹ búrẹ́dì,” ó sọ fún ọwọ́ rẹ̀.

“A jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan,” Shure dáhùn.

Kò sẹ́ni tó bú Badaso. Ó dúró, ó ń retí èébú bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn aṣọ wọn, ọkùnrin tó ní òun ń retí ẹ̀rọ ìkórè sì tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣe é.

Ayantu dé lọ́jọ́ kejì. Kò kígbe mọ́ ọn. Ó fa ojú ìwé tó kọ nípa oko náà ya, ó ká a sínú àpò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé àárín, kí wọ́n sun ún kíákíá. Èyí tó wà létí oko, irúgbìn tó le ni, ìpẹtà kò mú un. Kí wọ́n dúró kó gbó, kí wọ́n fi dòjé gé e, kí wọ́n ṣà á ní ṣírí kọ̀ọ̀kan. Kò lè kárí. Ilé kan á rí igbá méjì, ti Shure náà á wà níbẹ̀. Wọ́n á tún fi ọdún kan sí i jẹ báálì kó tó pọ̀.

“Èmi nìkan ni màá gé e,” Badaso bẹ̀bẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n gé e.”

“Jókòó sílé,” Kadiro sọ.

Nílẹ̀ wọn, aláìsàn àti òkú nìkan ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ lóko tí àwọn fúnra wọn kì í sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sun àárín, Badaso jókòó sílé, èéfín ń wọlé bá a. Nígbà tí etí oko gbó, Jeylu mú dòjé, ó jáde láìwò ó. Badaso tún jókòó. Ó ń gbọ́ wọn láti ẹnu ilẹ̀kùn. Wọn ò kọrin bí wọ́n ṣe máa ń kọrin níbi ìkórè. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan sọ nǹkan, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Kò mọ ẹni tó dá ẹ̀fẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí wọ́n fi dá a.

Ó dìde. Kò mú dòjé. Ó lọ sóko, ó dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, níbi tí àwọn arúgbó máa ń wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ṣírí tó já sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sẹ́ni tó lé e. Ẹni tó gbé ìdì àlìkámà ń gba ọ̀nà yí i ká bí wọ́n ṣe ń yí òkúta ká. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò nà án.

Shure wà níwájú rẹ̀, ó ń gé tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò yí ojú padà pátápátá.

“O fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́yìn,” ó ní.

Badaso padà, ó sì ṣa á.